Ohun ìṣeré onígi ọlọ́nà púpọ̀: èwo ló bá ọmọ yín mu, nígbà wo sì ni?

Ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré onígi ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ òbí. Wọ́n ti gbọ́ pé ó sàn ju èyí tó ń fi bátìrì kọrin lọ, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn máa rà á. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ìdí rẹ̀, àkọlé ara páálí kì í bára mu. Ọ̀kan kọ “Montessori” gàdàgbà, òmíràn kọ “Waldorf”, òmíràn ní “oṣù 18 sókè”, òmíràn tún ya ojú ọmọ sínú òbìrí pupa kan, ó wá fa ìlà dábùú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ra ọ̀kan lè rí i pé ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó bá páálí tí wọ́n fi dì í lọ. Ṣé ohun ìṣeré náà ni kò dáa ni, àbí ọmọ ni kò tíì tó o lò?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ nìyí: bí ohun ìṣeré bá ń dá nǹkan púpọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, nǹkan díẹ̀ ló kù fún ọmọ láti ṣe. Èyí tí kò lè dá nǹkan kan ṣe, ọmọ ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Igi dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ike lọ, àmọ́ kì í ṣe igi ló ń mú kí eré pẹ́.

Kí là ń pè ní ọlọ́nà púpọ̀?

Ẹ mú ohun ìṣeré méjì, kí ẹ gbé wọn síra. Èkíní jẹ́ pákó tí wọ́n gbẹ́ ihò sí: ihò róbótó, ihò onígun mẹ́ta, ihò onígun mẹ́rin. Ègé igi kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Bí ọmọ bá ti fi gbogbo wọn sí àyè wọn, eré parí nìyẹn. Ìdáhùn kan péré ló wà, yálà kí ọmọ rí i tàbí kó má rí i. Ọlọ́nà kan la máa pe irú èyí.

Èkejì jẹ́ búlọ́ọ̀kù igi lásán, tí wọn kò kọ nǹkan kan sí lára. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ọmọ pé ó ṣì í lò. Lónìí ó jẹ́ ògiri ilé, lọ́la ọmọ gbé e sétí bíi fóònù, lọ́túnla ó di bẹ́ẹ̀dì tí ọmọlángidi ń sùn lé. Ọlọ́nà púpọ̀ nìyí.

Ọlọ́nà kan kì í ṣe ọ̀tá o. Ó ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ó sì ń jẹ́ kó mọ bí nǹkan ṣe ń wọnú ara wọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń gbó. Ẹ̀wù tí wọ́n ti rán kò lè tóbi sí i bí ọmọ ṣe ń ga, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọn kò tíì gé, a lè ró o, a lè fi bora, a lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ sùn. Ọmọ tó ti mọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú pákó náà mọ́. Búlọ́ọ̀kù tí ọmọ oṣù 10 ń gbá mọ́ra wọn, ọmọ ọdún 7 ṣì lè fi ṣe ibùdókọ̀.

Àwọn orúkọ ara páálí ńkọ́?

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù.

Dókítà ará Ítálì ni Maria Montessori. Ọdún 1907 ló ṣí ilé àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ ní ìlú Róòmù. Àwọn ohun èlò igi tó ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyí gbajúmọ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọlọ́nà kan. Ọ̀kan wà tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù 10 tí gbogbo ìhà wọn dọ́gba: èyí tó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ńṣe ni ọmọ máa tò wọ́n láti orí ńlá dé orí kékeré. Bó bá ṣì í, ojú rẹ̀ yóò rí i, kò nílò kí olùkọ́ sọ fún un. Ìdí tí ó fi ṣe é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọlọ́nà púpọ̀ tó wá ra “Montessori” ń lọ sí ọ̀nà míì. Ó tún ku nǹkan kan: ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni kan tó dá ni orúkọ yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú ló lè kọ ọ́ sára páálí, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ bá ìlànà obìnrin náà mu rárá.

“Waldorf” ní tirẹ̀ wá láti ilé-ẹ̀kọ́ tí Rudolf Steiner dá sílẹ̀ ní Stuttgart, ní Jámánì, lọ́dún 1919. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e fẹ́ràn ohun ìṣeré tí wọn kò parí tán, bí ọmọlángidi tí ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa, tàbí ègé ẹ̀ka igi tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀. Èyí súnmọ́ ohun tí à ń sọ. Síbẹ̀, ẹ má tìtorí orúkọ ra nǹkan. Ẹ gbé ohun ìṣeré náà dání kí ẹ bi ara yín pé: ọ̀nà mélòó ni ọmọ lè gbà lò ó? Bí ẹ kò bá lè ka ju ọ̀kan lọ, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́.

Ní ti ọjọ́ orí, àkọlé bí “oṣù 18 sókè” máa ń pa ọ̀rọ̀ ààbò àti ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ lè ṣe pọ̀. Òbìrí pupa tí wọ́n kọ 0-3 sí, tí ojú ọmọ wà nínú rẹ̀, tí ìlà sì dábùú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, torí nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó léwu fún un, ó sì sábà máa ń jẹ́ ègé kékeré tó lè há a lọ́fun. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń sọ pé, “Ọmọ tèmi gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ,” wọ́n á sì rà á. Ọmọ lè gbọ́n bí ó ti wù kó gbọ́n, ọ̀fun rẹ̀ kò tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ta ló kọ́kọ́ rò pé búlọ́ọ̀kù lásán tó fi kọ́ ọmọ?

Friedrich Froebel, ará Jámánì, ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù níbi ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1837 ló bẹ̀rẹ̀ ilé eré àti ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Bad Blankenburg. Ó ṣe àwọn ohun ìṣeré kan tó pè ní ẹ̀bùn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ igi oníhà mẹ́fà ọgbọọgba tí wọ́n gé sí búlọ́ọ̀kù kéékèèké 8. Ọmọ lè tú u ká, ó lè kó o jọ padà, ó sì lè fi mẹ́jọ yẹn ṣe àga, àtẹ̀gùn tàbí òdòdó.

Ní New York, Caroline Pratt tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914 wá ṣe búlọ́ọ̀kù tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé ṣì ń lò. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ rọrùn: ìbú búlọ́ọ̀kù náà jẹ́ ìlọ́po méjì sísanra rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5, 7 àti 14 ni. Méjì kúkurú dọ́gba pẹ̀lú gígùn kan. Ọmọ tó nílò gígùn kan tí kò rí i mọ́ yóò ṣàdédé fi kúkurú méjì rọ́pò rẹ̀, ìṣirò ló sì ń ṣe yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ ìṣirò. Tí ẹ bá fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ní kí ẹ wò nìyí: ẹ mú kúkurú méjì, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn kan. Bí wọn kò bá dọ́gba, ilé tí ọmọ bá fi kọ́ yóò máa wọ́, ọmọ á sì rò pé ẹ̀bi òun ni.

Láti ìbí títí di ọdún 1: ẹnu ló fi ń mọ nǹkan

Ọmọ tó wà láàárín oṣù 4 sí 5 bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ gbá nǹkan mú. Ibi àkọ́kọ́ tí nǹkan náà ń lọ ni ẹnu. Òrùka igi ńlá kan tó dán, tí wọn kò lẹ nǹkan kan mọ́ lára, ti tó o. Bó bá ń lọ sí oṣù 8 tàbí 9, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé nǹkan tí a fi pamọ́ kò tíì tán láyé. Àpótí igi kékeré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ńlá kan tó lè jù sínú rẹ̀, kó sì yọ ọ́ jáde, ni yóò máa fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ fún ara rẹ̀ ní ìgbà àìmọye. Kò nílò púpọ̀. Ẹ fi owó yín pa mọ́ ní ọdún yìí.

Ọdún 1 sí 2: ẹ má dààmú bí kò bá kọ́lé

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù. Wọ́n ra búlọ́ọ̀kù, ọmọ kò to ohunkóhun. Ńṣe ló ń kó o láti ibí lọ sọ́hùn-ún, ó ń dà á sílẹ̀, ó tún ń kó o padà. Olùkọ́ kan wà ní New York tó ń jẹ́ Harriet Johnson, ó fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lo búlọ́ọ̀kù, ó sì ṣàlàyé ohun tó rí lọ́dún 1933. Ó ní kíkó kiri ni ìpele àkọ́kọ́. Ọmọ ń fi ara mọ bí igi ṣe wúwo tó, bó ṣe ń dún, àti iye tí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí tó lè máa kó o sí ló nílò, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́.

Bó bá pé nǹkan bí oṣù 15 sí 18, yóò gbé ọ̀kan lé èkejì, bóyá kó tún kan ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà yóò gbá a wó, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó wó o. Ẹ bá a tò ó kó tún wó o. Àwọn abọ́ igi tó ń wọnú ara wọn àti ọkọ̀ igi tí wọn kò kun tí wọn kò sì ya fèrèsé sí lára náà dára fún ọjọ́ orí yìí. Ọkọ̀ tí kò ní àmì lè jẹ́ táksí, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ẹrù, ó tilẹ̀ lè jẹ́ màlúù.

Ọdún 2 sí 4: ibi tí igi ti ń sọ̀rọ̀

Nínú gbogbo ọjọ́ orí tí mo máa mẹ́nu bà, èyí ló wù mí jù. Ọmọ á máa tò ó sórí ilẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, á sì tún máa tò ó lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá tó nǹkan bí ọdún 3 ni afárá máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ ṣe afárá. Ó gbé búlọ́ọ̀kù méjì nàró, ó mú ẹ̀kẹta, ó fẹ́ gbé e lé wọn lórí. Àlàfo àárín wọn ti fẹ̀ jù, ẹ̀kẹta já bọ́ sílẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún já. Ó yí i sí ìbú, ìyẹn tún burú sí i. Ó dákẹ́, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ti búlọ́ọ̀kù ọwọ́ òsì súnmọ́ ìkejì rẹ̀ díẹ̀, ó tún gbé ẹ̀kẹta lé e. Ó dúró. Ó ti fi ojú wọn gígùn, ó ti dán nǹkan wò, nǹkan náà ti já a kulẹ̀, ó sì ti tún èrò rẹ̀ ṣe. Ká ní àgbàlagbà kan ti na ọwọ́ bá a ti búlọ́ọ̀kù yẹn ni, afárá ì bá wà, ṣùgbọ́n gbogbo ìyókù ì bá ti lọ.

Lẹ́yìn afárá ni ọgbà. Ọmọ á fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin yí àyè kan po, ó di pé inú wà, ìta wà. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń wọlé. Ohun tó wà nínú ọgbà nílò orúkọ. Ẹ fi ènìyàn igi bíi mélòó kan kún un, tí wọn kò ní ojú tàbí tí ojú wọn kò rẹ́rìn-ín tí kò sì bínú. Ènìyàn igi tó ń rẹ́rìn-ín títí láé kò ṣeé lò nígbà tí ìtàn bá kan ẹkún.

Ní ti iye, èrò tèmi ni pé búlọ́ọ̀kù 20 sí 30 tó fún ọmọ ọdún 2, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 4 yóò nílò tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilé tó ń rò lọ́kàn ti tóbi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí ẹ máa ra irú kan náà, kí ẹ máa fi kún un, dípò oríṣi mẹ́fà tí kò bára mu.

Láti ọdún 4 lọ sókè

Ọmọ á kọ́ ilé tó jọ ara rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Á sọ orúkọ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó parí. Pákó pẹlẹbẹ tínínrín, igi tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, àti ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí bọ́ọ̀lù lè yí gba orí rẹ̀ kọjá ló kù láti fi kún un. Ọmọ ọdún 6 sí 8 máa ń fẹ́ mọ ibi tí nǹkan lè ga dé kó tó wó, ẹ ó sì máa rí wọn tí wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn rò pé búlọ́ọ̀kù ti di ti ọmọ kékeré nígbà yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, iye rẹ̀ ni kò tó mọ́.

Ṣé ó yẹ kó pọ̀ nílẹ̀?

Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Toledo, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọmọ 36 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 18 sí 30. Nígbà kan wọ́n gbé ohun ìṣeré 4 sílẹ̀ fún ọmọ, nígbà míì 16. Nígbà tó jẹ́ 4, ọmọ pẹ́ sí i nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lò ó ní ọ̀nà tó pọ̀ sí i. Nítorí náà, kò sí ohun ìṣeré tó lè jẹ́ ọlọ́nà púpọ̀ láàárín òkìtì. Ẹ kó ìdajì pamọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ìwádìí míì tó jáde ṣáájú ìyẹn, tí Anna Sosa ṣe pẹ̀lú òbí 26 àtàwọn ọmọ wọn tí wọ́n wà láàárín oṣù 10 sí 16, fi hàn pé nígbà tí ohun ìṣeré bá ń dá sọ̀rọ̀, òbí kì í sọ̀rọ̀ tó bó ṣe máa ń sọ nídìí ìwé tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òbí, ohùn òbí sì ni ọmọ nílò.

Igi wo, ọ̀dà wo, kí ló léwu?

Igi líle bíi beech àti maple kì í tètè ya, kì í sì í tètè ṣẹ́. Igi pine fúyẹ́, ó sì dára, àmọ́ ehín ọmọ máa ń dá àpá sí i lára. Bó bá jẹ́ pílíwúùdù, ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ wò bóyá ó ń họ. Igi tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀ lè máa tú òórùn kẹ́míkà jáde. Tó bá ti ń ta sí yín nímú nígbà tí ẹ ṣí páálí, ẹ dá a padà.

Òjé inú ọ̀dà ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí kò ṣeé fi ojú rí, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí òjé ju ìpín 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú ọ̀dà ohun ìṣeré, ọdún 1978 ni wọ́n sì ti fòfin de ọ̀dà olójèé lọ́hùn-ún. Ohun ìṣeré aláwọ̀ tí ẹ jogún lọ́wọ́ ìyá àgbà, ẹ gbé e sókè kó máa dùn ún wò, ẹ má fi fún ọmọ tó ń fi ẹnu jẹ nǹkan. Igi tí wọn kò kùn rárá, tàbí tí wọ́n fi òróró linseed tàbí ìda oyin pa, ló fọkàn balẹ̀ jù.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, àwọn tó ń yẹ ohun ìṣeré wò máa ń lo agolo kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 31.7. Ègé tó bá wọlé sínú rẹ̀ tán ti kéré jù. Ní ilé, páálí róbótó inú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣeé lò dípò rẹ̀. Ó fẹ̀ ju agolo yẹn lọ díẹ̀, èyí sì dára, ó fi kún ìṣọ́ra. Bọ́ọ̀lù ní láti tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ju mìlímítà 44.4 lọ ní ìbú, torí róbótó máa ń dí ọ̀nà èémí pátápátá.

Àwọn búlọ́ọ̀kù igi kan wà tí wọ́n fi òòfà sínú wọn. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò déédéé. Bí igi bá là, tí ọmọ sì gbé òòfà méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra nínú ìfun, kí wọ́n sì lu ìfun jálẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má dúró wò ó bóyá yóò yàgbẹ́ rẹ̀.

Ìtọ́jú kò le. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi, yóò wú, yóò sì là. Ibi tó bá hu ẹ̀gún, ẹ fi sáńpépà ha á.

Kí ni òbí máa ṣe níbẹ̀?

Ẹ jókòó síbi tí ọmọ ti lè rí yín. Ẹ má máa bi í pé “Kí nìyí?” nígbà gbogbo, torí ó lè má tíì mọ̀, ìbéèrè náà á sì sọ eré di ìdánwò. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “O to gígùn mẹ́ta, o wá gbé kúkurú lé e lórí.” Bí ilé rẹ̀ kò bá tíì parí tí àkókò oorun tó, bó bá ṣeé ṣe, ẹ má tú u. Ọmọ tó bá ilé rẹ̀ nílẹ̀ láàárọ̀ á tẹ̀ síwájú láti ibi tó fi dúró.

Bí kò bá sì fọwọ́ kàn án rárá, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nígbà tí ẹ bá kó o jáde padà, ẹ má gbé odindi àpótí fún un. Ẹ to mẹ́ta sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó máa ń gbà kọjá, méjì lórí ara wọn, ẹ̀kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi ègé aṣọ kékeré kan tàbí ènìyàn igi kan tì í, kí ẹ wá máa bá iṣẹ́ yín lọ.